Asanwó-Ṣáájú àti Ó-Dọ̀la

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Ọṣẹ ìfọṣọ, 350. Búrẹ́dì méjì, 900. Mílíìkì, 600. Epo sítóòfù, 700. Gbogbo rẹ̀, 2,550. Ó ku 4,150 nínú agolo.

Ọmọ márùn-ún ni mò ń tọ́jú báyìí, láti ìgbà tí ilé-ìwé bá ti jáde títí àwọn òbí wọn yóò fi dé láti ibi iṣẹ́. 1,500 lọ́sẹ̀ lórí ọmọ kan. Mẹ́ta ti san. Ọ̀kan ní ó di ìrọ̀lẹ́. Ìyá Ìyẹ́ san ti ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀, 3,000, kí n tó ṣílẹ̀kùn tán. Owó tuntun, kò ká, kò dọ̀tí. Asanwó-ṣáájú ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Ká ní gbogbo wọn rí báyẹn ni, ǹ bá ti kọ́lé.

Ìyẹ́ ni mo sọ ọmọ náà. Ọdún mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e, bí ẹni gbé aṣọ gbígbẹ ni.

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Àdéhùn wọn ni pé ìyá yóò san owó ìtọ́jú, bàbá yóò san owó oúnjẹ, 600 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé — 1,800. Awakọ̀ tírélà ni, Ẹtì ló máa ń ti ìrìn-àjò dé. Bí mo bá ti béèrè: ẹ má bínú mà, ó di ọ̀la. Ó-dọ̀la lorúkọ tiẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 4

Ìyẹ́ ò jẹun. Mo pín búrẹ́dì rẹ̀ fún àwọn tó kù. Kò sí èyí tó ṣòfò.

Ọjọ́rú, 5

Omi dà sí Ìyẹ́ lára níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Mo bọ́ aṣọ rẹ̀. Ìlà mẹ́rin lẹ́yìn, tóóró-tóóró, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlà inú ìwé ìṣirò. Méjì ti gbẹ. Méjì ṣì pọ́n.

Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní òun ṣubú. Mo ní níbo. Ó ní òun ṣubú. Ilẹ̀ wo ló ń fa ìlà síni lẹ́yìn?

Mo fi òróró pa á lára, mo wọ aṣọ mìíràn fún un. Ọkọ mi ń rán ṣòkòtò oníbàárà ní yàrá kejì, ó ń kọrin. Télọ̀ kì í sinmi orin. Mi ò sọ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo sọ fún tíṣà Ìyẹ́ lẹ́nu géètì nígbà tí mo lọ kó àwọn ọmọ. Ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kó tó dá mi lóhùn. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ lóṣù Kìíní, ní itan, òun sì kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Mo ní kí ni wọ́n wí. Ó ní wọn ò tíì wí nǹkan kan. Mo ní ṣé ó tún kọ òmíràn. Ó ní, “Ìyá, mo ti kọ ọ́. Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi.”

Bí ẹni fi lẹ́tà sílé ìfìwéránṣẹ́, tó san owó sítáǹbù.

Ẹtì, 7

Ó-dọ̀la ló wá mú ọmọ, eruku ọ̀nà bò ó láti orí dé bàtà. Ìyẹ́ sáré sí i, ó gun un lọ́rùn, ó fi ojú pamọ́ sí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, kò gbórí sókè mọ́ títí wọ́n fi lọ. Ẹ̀rù ni. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ní í ṣe báyẹn.

Mo béèrè owó mi. Ó fọwọ́ tẹ àpò. Ó di ọ̀la.

Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì fún ọkọ mi yà sílé. Inú ilé kan náà lòun àti àwọn òbí Ìyẹ́ ń gbé. Ó ní gbogbo Ẹtì tí ọkùnrin yẹn bá ti dé, igbe rẹ̀ ni wọ́n fi ń sùn, ìyàwó ò ní fèsì. Ó ní, “Ìyàwó yẹn mà ń fara dà á o. Ó tún máa jí láàárọ̀, á gbálẹ̀, á kí gbogbo wa.”

Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó bára mu.

Àbámẹ́ta, 8

Bọ́ọ̀sì lọ, 200. Bọ́ọ̀sì bọ̀, 200.

Àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì kan tó ń fi bébà fẹ́ ara rẹ̀. Mo sọ ti ìlà mẹ́rin. Ó ní ta ló ṣe é. Mo ní bàbá rẹ̀ ni. Ó ní ṣé mo rí i. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní irú èèyàn wo ni. Mo ní onígbèsè ni, aláriwo ni, ọmọ ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo ń jáde, ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. 400 yẹn ò dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 10

Wọ́n ti mú Ó-dọ̀la láàárọ̀. Wọn ò tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilé, gbogbo alẹ́ sì ni kó máa wá fọwọ́ síwèé ní àgọ́. Asanwó-ṣáájú fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ó mú páálí bisikíìtì kan dání fún àwọn ọmọ. Ó sunkún díẹ̀. Ó nujú. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kò tó ọpẹ́.

Bisikíìtì náà tó 1,100 lọ́jà. Mo béèrè.

Ìṣẹ́gun, 11

Ìyẹ́ ò wá.

Ọjọ́rú, 12

Ìyẹ́ ò wá. Ìyá rẹ̀ pè, ó ní ibà ni, ó ti sọ fún tíṣà náà. Kí n má ṣèyọnu, owó ọjọ́ tí ọmọ ò wá, kí n máa mú un.

Ọjọ́bọ̀, 13

Iṣẹ́ tuntun wọlé fún ọkọ mi. Asanwó-ṣáájú yà sọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí mo lọ da ìdọ̀tí nù. Ó fẹ́ kaba méjì fún Ìyẹ́, ọwọ́ gígùn dé ọrùn ọwọ́. Kí apá òsì fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Ó san gbogbo owó, 2,400, kò ná an.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ooru yìí tí òun ń gbèrò àtirán aṣọ tí kò lọ́wọ́ rárá fún ara òun! Mo ní apá òsì tó fẹ̀ yẹn ńkọ́. Ó ní ìgbàlódé ni, ẹni tó bá san owó kí abẹ́rẹ́ tó gún aṣọ, ó lè ní kí òun fi ọwọ́ aṣọ síbi ọrùn.

Àbámẹ́ta, 15

Ó-dọ̀la dúró dè mí ní kọ́nà tí mo ti ń gba omi. Mo di àpamọ́wọ́ mi mú. Kò sún mọ́ mi. Ó na 600 sí mi, ó ní ó ku 1,200. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ — awakọ̀ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé lálaalẹ́, ibo ló lè wakọ̀ dé?

Ó ní, “Ẹ ti rí ọmọ mi lọ́sẹ̀ yìí?”

Mo ní ara rẹ̀ ò yá.

Ó jókòó sí etí gọ́tà, lórí símẹ́ǹtì gbígbóná. Ó ní kí n ṣáà jọ̀ọ́ máa bá òun wo ọmọ náà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní lọ́kàn mi pé ojú àánú onígbèsè, mo ti rí i rí.

Ọjọ́ Ajé, 17

Asanwó-ṣáájú fi 3,000 ránṣẹ́ nípasẹ̀ obìnrin bọ́tìnnì, ti ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀, kí àyè Ìyẹ́ má baà bọ́. Ọmọ ò tíì yá. Ó ku 9,300 nínú agolo. Ó ti pẹ́ tó kún tó báyìí.

Ní ọ̀sán, àlejò. Ọmọbìnrin kan, kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó di agboòrùn tó ti ya mú. Alágboòrùn. Ó ní láti ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ọmọdé lòun ti wá, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n gbé òun síbẹ̀, òun sì bá lẹ́tà tíṣà nínú dúrọ́ọ̀ ẹni tó fẹ̀yìntì.

Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní àṣírí aláìsàn kì í jáde lẹ́nu àwọn. Ó ti lọ sí àgọ́. Sájẹ́ǹtì ní kó lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn. Ó pe gbogbo wọn sí ọ́fíìsì tirẹ̀, wọn ò wá: ilé-ìwé ní àwọn kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ọ́fíìsì ọmọdé, ọlọ́pàá ní àwọn kì í lọ jíyìn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lọ bá ẹnì kejì ti gbà pé òun ni kékeré.

Ó wo pálọ̀ mi yíká. Ó ní, “Ìyá, ta ló ni ibí?”

Mo ní èmi àti ọkọ mi, àti onílé, bí oṣù bá parí.

Ó ní ìyẹn ni pé kì í ṣe ti ọ́fíìsì kankan. Ṣé mo lè yá òun ní pálọ̀ náà ní ọjọ́rú, kí gbogbo wọn lè pàdé níbẹ̀. Mo ní èló. Ó rẹ́rìn-ín. Kò sówó. Mo gbà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ wá parí ọ̀rọ̀ Ó-dọ̀la ni.

Ìṣẹ́gun, 18

Àga ọmọdé mẹ́jọ ni mo ní, àga àgbà kan. Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí ọlọ́pàá jókòó sórí èyí tó ní àwòrán pẹ́pẹ́yẹ.

Ọjọ́rú, 19

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Ago mẹ́wàá ni wọ́n dé. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, sájẹ́ǹtì, Alágboòrùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sórí àga àgbà, kí wọ́n má baà ní ó fi ara rẹ̀ ṣe olórí. Gbogbo wọn jókòó sórí àga ọmọdé, eékún kan àgbọ̀n. Àga oní-pẹ́pẹ́yẹ ló kan sájẹ́ǹtì lóòótọ́. Mo fẹ́ jáde, Alágboòrùn ní kí n jókòó, èmi náà ń tọ́jú ọmọ.

Ó ní òfin kan ṣoṣo ló wà. Kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, àti ọjọ́ tó rí i. Ohun tó bá rò, kó fi sápò.

Nọ́ọ̀sì ní àṣírí aláìsàn ńkọ́. Alágboòrùn ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, àṣírí aláìsàn dáa. Ẹ bá mi fi í dáàbò bo aláìsàn.” Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Tíṣà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Itan, oṣù Kìíní. Lẹ́tà. Ìyẹn parí.

Ó kàn mí. Mo ní mo rí ìlà mẹ́rin lẹ́yìn ọmọ, Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún. Mo la ẹnu láti sọ ti bàbá rẹ̀. Alágboòrùn ní, “Èyí tí ẹ rí, mà.” Mo wá a. Mo wá a dáadáa. Mo ti rí ọkùnrin kan tó jẹ mí ní 1,800, mo ti rí ọmọ kan tó gun un lọ́rùn. Ó tán. Mo ní mo ti parí.

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì tó sọ̀rọ̀. Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni ń yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára. Ó ní bàbá ló máa ń gbé ọmọ náà wá látẹ̀yìnwá, ní Ẹtì, ojú egbò á ti tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ó máa ń bínú, á máa pariwo. Òun ló ń san owó oògùn, díẹ̀díẹ̀. Nítorí ariwo yẹn ni àwọn ṣe rò pé — ó ní òun ti fi èyí sápò. Ó ní ṣùgbọ́n ìyá ló gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọjọ́ kẹtàlá. Apá òsì ti kán. Ìyá ní bàbá rẹ̀ ló tì í lulẹ̀ lálẹ́ àná.

Sájẹ́ǹtì ní, “Alẹ́ ọjọ́ wo?”

“Ọjọ́rú. Ọjọ́ kejìlá.”

“Bàbá wo?”

“Bàbá ọmọ. Ọkọ rẹ̀.”

Sájẹ́ǹtì fi ìka ka ọjọ́. Ó wá ní láti ọjọ́ kẹwàá ni ọkùnrin yẹn ò ti gbé ilé mọ́. Alẹ́ Ọjọ́rú yẹn, òjò ká a mọ́ àgọ́ lẹ́yìn tó fọwọ́ síwèé tán. Kò ríbi lọ. “Orí bẹ́ǹṣì wa ló sùn. Èmi ni mo fún un ní páálí tó fi bora.”

Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó sọ fún ilé ìwòsàn pé wọ́n ti lé bàbá kúrò nílé. Sájẹ́ǹtì ní kò sẹ́ni tó sọ fún ọlọ́pàá pé apá ọmọ kán. Tíṣà ní ibà ni wọ́n sọ fún òun. Mo ní ibà ni wọ́n sọ fún èmi náà.

Sájẹ́ǹtì tún sọ ọ̀kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: ọjọ́ tí àwọn mú ọkùnrin náà, ó ní kì í ṣe òun, kí wọ́n bi ìyá ọmọ náà. “Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní yàrá kejì. Ọkọ mi yọjú sẹ́nu ọ̀nà, kaba kékeré méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó na apá òsì aṣọ náà síta kí wọ́n rí bó ṣe fẹ̀ tó. Ó ní, “Ọ̀la ni ìyá ọmọ náà ní òun máa wá gbà á.”

Èmi àti ọkùnrin yìí, orí ibùsùn kan là ń sùn. Mo mọ ti ìlà, mi ò sọ fún un; ó sọ ti apá aṣọ fún mi, mi ò so ó pọ̀.

Ago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan. Mọ́tò ọlọ́pàá ni wọ́n wọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà.

Ọjọ́bọ̀, 20

Alágboòrùn yà láti mú agboòrùn rẹ̀ tó gbàgbé. Wọ́n rí ọmọ náà, ó wà láàyè. Ó wà nínú yàrá inú, a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta. Kò sunkún. Nọ́ọ̀sì ló gbé e jáde. Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin báyìí. Nọ́ọ̀sì, tíṣà àti òun yóò máa pe ara wọn lọ́jọ́ Ajé àti Ẹtì, sájẹ́ǹtì náà ti gba nọ́ńbà wọn. Ìyá wà ní àgọ́, yóò dé ilé ẹjọ́.

Ilé náà mọ́, ó ní. Ó mọ́ ju ilé mi lọ. Nígbà tí àwọn kanlẹ̀kùn, Asanwó-ṣáájú yọjú, ó wo aṣọ ọlọ́pàá, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: “Ta ni mo jẹ lówó?”

Ẹtì, 21

Mi ò ra nǹkan kan.

Àìkú, 23

Mo béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi bóyá ó máa dá 2,400 aṣọ padà. Ó ní aṣọ ti rán. Ó ní òun máa gé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kí òun fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà, ooru mú. Kò kọrin lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 24

Bọ́ọ̀sì, 400 àlọ àti àbọ̀, sí ọ́fíìsì Alágboòrùn. Mo fẹ́ mọ ẹni tí mo máa kó 3,000 yẹn fún, ti ọ̀sẹ̀ méjì tí Ìyẹ́ ò wá. Ó ní kò sí ìwé kankan fún irú owó bẹ́ẹ̀. Kí n fi pamọ́ títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo padà, Ó-dọ̀la wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Ìyẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, apá kan funfun pẹ̀lú báńdéèjì, kaba tí kò lọ́wọ́. Ọmọ náà wò mí. Ó tún fi ojú pamọ́ sí kọ́là bàbá rẹ̀, ibi tó ti máa ń fi í pamọ́ sí. Mo wá mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Mo ní èmi ni mo lọ bá ọlọ́pàá.

Ó ní òun mọ̀. Wọ́n kà á sí òun létí. “Onígbèsè ni, aláriwo ni.” Kò gbé ohùn sókè. Ó ní ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé àti gbogbo ọ́fíìsì, èmi nìkan ni mo wọ bọ́ọ̀sì. Òun ń rò ó láti ọjọ́ yẹn, òun ò tíì mọ èyí tí òun máa mú níbẹ̀.

Ìyẹ́ ò ní wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Obìnrin kan wà nítòsí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ka 1,200 sórí tábìlì. Owó kíká, owó eléèérí, owó rírọ̀. Ó ní, “Ẹ kà á, mà.”

Mi ò lè kà á.

Wọ́n ti lọ.

Agolo: mo kó ti Ó-dọ̀la sínú rẹ̀ láìkà á. Láti ọjọ́ kẹwàá tí mo jẹ́ kí wọ́n lé e, títí di ọjọ́ kọkàndínlógún — òru mẹ́sàn-án, ìyá àti ọmọ nìkan. Mo kọ mẹ́sàn-án. Mi ò rí ohun tí mo máa fi sọ ọ́ di púpọ̀.

Èyí tí mo lè kọ: mo jẹ Asanwó-ṣáájú ní 3,000. Ó wà nínú bébà, lọ́tọ̀, nísàlẹ̀ agolo. Owó tuntun, kò ká. Mi ò tíì san án.